Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Design Thinking Tú Ìṣòro Tó Ta Kókó Nínú Iléeṣẹ́

Ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn ń bi mí léraléra: "A ti ṣèpàdé títí, a ti ra ẹ̀rọ tuntun, a ti pààrọ̀ ọ̀gá ẹ̀ka, síbẹ̀ ìṣòro yìí ò lọ. Ṣé design thinking lè ràn wá lọ́wọ́? Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?"

Ó lè ràn yín lọ́wọ́, tí ẹ bá lè fara da ohun kan: kí ẹ lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 láìtíì mọ ojútùú, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú já a gbà lọ́wọ́ yín. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ṣe gbogbo ìgbésẹ̀ tó kù bó ṣe yẹ, àmọ́ wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí design thinking jẹ́ ò ju èyí lọ: ẹ lọ wo bí àwọn tí ìṣòro náà kàn ṣe ń bá a yí, ẹ tún ìṣòro náà sọ kó lè bá ohun tí ẹ rí mu, ẹ ṣe àwòṣe olówó pọ́ọ́kú, ẹ sì gbé e fún wọn lò kí ẹ tó náwó gidi. Ní d.school, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní design thinking ní Yunifásítì Stanford, ìpele 5 ni wọ́n pín in sí. Design Council, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ design nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya tiwọn bíi dáyámọ́ńdì 2 tó tẹ̀ léra: èrò á kọ́kọ́ fẹ̀, á tún padà há, lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó bá wù yín ni kí ẹ mú. Ìgbésẹ̀ 8 ni mo pín in sí níhìn-ín, torí ibi tí àwọn èèyàn ti ń kọsẹ̀ ni mo tẹ̀ lé.

## Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá irú ìṣòro tiyín nìyí

Kì í ṣe gbogbo ìṣòro ló nílò wàhálà yìí. Lọ́dún 1973, Horst Rittel àti Melvin Webber, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní Yunifásítì California ní Berkeley, ṣàlàyé irú àwọn ìṣòro kan tí kò ní ìtumọ̀ kan tí gbogbo èèyàn fara mọ́, tó sì jẹ́ pé ojútùú èyíkéyìí tí ẹ bá dán wò á tún yí ìṣòro náà padà. Irú ìyẹn ló yẹ ká gbé design thinking tì. Àmì rẹ̀ nìyí:

- Ẹ bi ẹ̀ka mẹ́ta léèrè ohun tó fà á, ìdáhùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ gbà.
- Ẹ ti yanjú rẹ̀ rí, ó tún gba ibòmíì yọ.
- Àwọn òṣìṣẹ́ ti dá ọgbọ́n ti ara wọn tí wọ́n fi ń yẹ ìlànà tó wà nílẹ̀ sílẹ̀.

Tí ẹ bá ti mọ ohun tó fà á dájú, tó jẹ́ pé owó tàbí ìbuwọ́lù ló kù, ẹ lọ wá owó tàbí ìbuwọ́lù náà. Tó bá sì jẹ́ ohun tí òfin ti là sílẹ̀, ẹ tẹ̀ lé òfin.

Ìkìlọ̀: Tí ọ̀gá bá ti pinnu ohun tó máa ṣe, tó kàn fẹ́ kí ẹ fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bò ó mọ́lẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó tú inú ẹ̀ síta fún yín lẹ́ẹ̀kan, tí kò sì rí nǹkan kan kó tìdí ẹ̀ jáde, kò ní sọ òótọ́ fún yín mọ́ nígbà tí ẹ bá padà wá.

## Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀

☐ Èèyàn 5 sí 7 láti ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó kéré tán, kí ẹnì kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà lójoojúmọ́.

☐ Ọ̀gá kan tó lè sọ pé "ó yá, ẹ máa bá a lọ" láìkọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíì.

☐ Ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí. Ọ̀sẹ̀ 6 tó fún ìṣòro kan.

☐ Ògiri tàbí pátákó ńlá kan tí ẹnikẹ́ni ò ní nù, ègé bébà aláfimọ́ra ní àwọ̀ méjì, àti bírò tó nípọn.

☐ Ìlérí tó wà lákọsílẹ̀ pé wọn ò ní fi ohun tí òṣìṣẹ́ bá sọ mú un. Ẹ má fojú kéré èyí o. Láìsí i, irọ́ tó dùn ún gbọ́ ni ẹ máa kó délé.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ìṣòro náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe gbé e wá

Gbólóhùn kan péré. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojútùú ti sá pamọ́ sínú rẹ̀. "A nílò ètò kọ̀ǹpútà tuntun": ojútùú nìyẹn. "Àwọn òṣìṣẹ́ wa ò ka iṣẹ́ sí": ẹ̀sùn nìyẹn. "Ó ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí òṣìṣẹ́ tó gba owó tó ná síṣẹ́ padà": ìṣòro nìyí, torí èèyàn lè lọ fojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ kọ orúkọ iṣẹ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, kí ẹ sì fa ìlà sábẹ́ àwọn tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi léèrè ohunkóhun rí. Ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ máa kọ́kọ́ lọ.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ lọ jókòó ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà

Tí àyè ò bá gbà yín ju ìgbésẹ̀ kan lọ nínú gbogbo èyí, èyí ni kí ẹ ṣe.

Mo bá iléeṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ rí lórí ọ̀rọ̀ owó ìdápadà tí mo mẹ́nu bà lókè yẹn. Gbogbo ọ̀gá ló ní ètò kọ̀ǹpútà àwọn ló ti gbó. Mo lọ jókòó ti obìnrin kan ní ẹ̀ka ìṣirò owó láti àárọ̀, mi ò sọ̀rọ̀, mo kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ó fa ìwé kékeré kan yọ lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù, ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, tó fi rọ́bà dè. Fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó máa ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀, á kọ ọjọ́, á kọ ẹni tó ń gbé e lọ, á sì ní kí onítọ̀hún buwọ́ lù ú. Mo bi í pé kí ni ti ìwé yìí. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sọ pé èmi ni mo sọ fọ́ọ̀mù nù." Ọ̀gá rẹ̀ ò rí ìwé náà rí. Nínú gbogbo ìpàdé tí a ṣe lórí ètò kọ̀ǹpútà, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ẹ ń wá. Gbogbo iléeṣẹ́ ló ní in: ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà fóònù ẹnì kan tí gbogbo èèyàn ń pè dípò ẹ̀ka tó yẹ kí wọ́n pè, fáìlì tí wọ́n ń tọ́jú ní ẹ̀dà méjì. Ẹni tó bá dá irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ń sọ ibi tó ti ń dùn ún fún yín láìlanu.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é:

1. Ẹ yan ẹni 8 sí 12. Ẹ mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, ẹni tó ti pẹ́ jù níbẹ̀, àti ẹni tó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò lo ìlànà náà. Ẹni ìkẹyìn yẹn sábà máa ń mọ ohun tí àwọn yòókù ti fara mọ́.
2. Ẹ lọ ní méjì-méjì. Ẹnì kan á máa béèrè, ẹnì kejì á máa kọ. Kó kọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jáde lẹ́nu wọn, kó má ṣe tún un ṣe.
3. Ẹ wò wọ́n lẹ́nu iṣẹ́ fún wákàtí kan kí ẹ tó bi wọ́n ní ohunkóhun.
4. Ẹ béèrè nípa ìgbà tó kẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ ṣe é kẹ́yìn? Ẹ sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀." Tí ẹ bá béèrè pé "Báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é?", ohun tó wà nínú ìwé ìlànà ni wọ́n máa kà sí yín létí.
5. Ẹ tẹ̀ lé e: "Kí lẹ wá ṣe?" "Ta lẹ pè?" "Ibo ló ti fẹ́ sú yín?"
6. Tí wọ́n bá dákẹ́, ẹ dákẹ́. Ẹ ka ení, èjì dé èje nínú ikùn yín. Ohun tí wọ́n bá sọ lẹ́yìn ìdákẹ́ yẹn ló sábà máa ń ṣe pàtàkì jù.

Ẹ má béèrè: "Ṣé ẹ máa fẹ́ kí a ṣe báyìí-báyìí fún yín?" Bẹ́ẹ̀ ni ni gbogbo èèyàn máa dáhùn, nítorí ọ̀wọ̀. Ìdáhùn yẹn ò wúlò fún nǹkan kan.

Ẹ má mú ọ̀gá ẹni náà dání. Ì báà jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, ibi tó bá wà, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ to ohun tí ẹ rí sórí ògiri

Ohun kan lórí ègé bébà kan. Ẹ lo àwọ̀ kan fún ohun tí ẹ rí tàbí gbọ́, àwọ̀ kejì fún ohun tí ẹ rò. Ó máa yà yín lẹ́nu bí àwọ̀ kejì ṣe máa ń pọ̀ tó tí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò tòótọ́-tòótọ́. Tó bá pọ̀ ju àwọ̀ àkọ́kọ́ lọ, ẹ padà sí Ìgbésẹ̀ 2.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí gbogbo yín kó àwọn tó jọra pọ̀ láìsọ̀rọ̀. Ẹ má fi orúkọ ẹ̀ka pe òkìtì kankan. Gbólóhùn ni kí ẹ fi pè é. "Ẹ̀ka ìṣirò owó" ò sọ nǹkan kan. "Ẹni tí fọ́ọ̀mù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń bẹ̀rù pé òun ni wọ́n máa dá lẹ́bi": ìyẹn sọ̀rọ̀.

Ó tún dáa kí ẹ ya ìrìn àjò ohun náà láti ọwọ́ dé ọwọ́, kí ẹ fi àmì sí gbogbo ibi tó ti ń dúró. Nínú iṣẹ́ tí mo ń sọ yẹn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹnikẹ́ni fi ń ṣe nǹkan sí fọ́ọ̀mù kan. Gbogbo ọjọ́ tó kù, orí tábìlì ló wà.

Ọ̀nà "kí ló dé" lẹ́ẹ̀marùn-ún tí Toyota sọ di mímọ̀, ìyẹn ni pé kí ẹ máa bi ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní "kí ló dé" títí á fi di ẹ̀ẹ̀marùn-ún, wúlò níbí, torí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ kàn ṣọ́ra: ọ̀nà yìí máa ń darí yín lọ sídìí okùnfà kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ìṣòro tó ta kókó sábà máa ń ní mẹ́ta, mẹ́rin tó jọ so mọ́ra. Ẹ ṣe é lọ́tọ̀ fún òkìtì kọ̀ọ̀kan.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ tún ìṣòro náà sọ

Doug Dietz, tó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní GE Healthcare, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìṣègùn, ló ya bí ẹ̀rọ MRI kan (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara) ṣe máa rí, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Ó lọ wò ó nílé ìwòsàn, ó sì rí ọmọdébìnrin kan tó ń sunkún bó ṣe ń sún mọ́ ọn. Ó wá mọ̀ pé oògùn oorun ni wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ ọmọdé kí wọ́n tó lè dúró jẹ́ẹ́ nínú rẹ̀. Ká ní "báwo la ṣe máa mú ẹ̀rọ náà dáa sí i" ló ń bi ara rẹ̀, irin ni ì bá padà lọ tún ṣe. Ohun tó bi ara rẹ̀ ni bí ibẹ̀ ò ṣe ní dẹ́rù ba ọmọdé. Wọ́n kun ẹ̀rọ àti yàrá rẹ̀ bíi ti ọkọ̀ ojú omi àwọn olè orí òkun, wọ́n sì fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìtàn tí wọ́n á máa sọ fún ọmọ náà. Iye ọmọ tó nílò oògùn oorun lọ sílẹ̀ gan-an. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ inú rẹ̀ ò yí padà.

Báyìí ni kí ẹ kọ tiyín:

> [Ẹni báyìí] nílò ọ̀nà láti [ṣe báyìí], torí pé a rí i pé [ohun tí ẹ rí lórí ògiri].

Kí ẹ wá sọ ọ́ di ìbéèrè: "Ọ̀nà wo la lè gbà tí…?" Tiwa lọ́jọ́ náà kà pé: Ọ̀nà wo la lè gbà tí ẹni tó ń buwọ́ lu fọ́ọ̀mù á fi mọ ohun tí ẹni tó ṣáájú ti yẹ̀ wò, kí ìbẹ̀rù má baà dá a dúró sórí tábìlì?

Ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta wọ̀n ọ́n:

- Ṣé ó gbòòrò jù? Tó bá lè bá iléeṣẹ́ èyíkéyìí láyé mu, ẹ gé e kù.
- Ṣé ó há jù? Tó bá jẹ́ ojútùú kan péré ló lè bọ́ sínú rẹ̀, ojútùú yẹn ni ẹ fi pa mọ́ síbẹ̀.
- Ṣé ó yàtọ̀ sí gbólóhùn Ìgbésẹ̀ 1? Tí kò bá yàtọ̀ rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ò tíì gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn sọ.

Ẹ mú un padà lọ fún méjì nínú àwọn tí ẹ jókòó tì. Tí wọ́n bá ní "hẹ́n-ẹ̀n, ohun tó wà níbẹ̀ gan-an nìyẹn", ẹ máa bá a lọ.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wá èrò, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ dá wá tirẹ̀

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé kí gbogbo yín jọ máa pariwo èrò. Ìwádìí tí Michael Diehl àti Wolfgang Stroebe gbé jáde lọ́dún 1987 fi hàn pé àwọn tó dá ronú lọ́tọ̀, tí a wá kó èrò wọn pọ̀, máa ń ní èrò tó pọ̀ ju ti àwọn tó jọ jókòó lọ. Ohun pàtàkì tó fà á ni pé ẹnì kan ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ ṣe ń dúró de ẹlòmíì, tiyín ń sá lọ.

1. Ẹ ṣẹ́ bébà kan sí ojú 8. Ìṣẹ́jú 8, èrò 8, yíyà ni, kì í ṣe àròkọ.
2. Ẹ lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ògiri láìkọ orúkọ.
3. Ẹ kà wọ́n ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ tó béèrè àlàyé.
4. Ẹ dìbò pẹ̀lú àmì 3 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ló máa dìbò kẹ́yìn.
5. Ẹ mú èrò 2 tàbí 3. Ẹ má mú ẹyọ kan.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ ṣe àwòṣe tí ẹ lè jù nù

Òfin kan péré ni mo mọ̀: ẹ gbọ́dọ̀ lè ṣe é tán láàárín ọjọ́ kan. Ohun tí èèyàn bá fi oṣù kan ṣe, ìfẹ́ rẹ̀ á ti wọ̀ ọ́ lára, kò sì ní gbọ́ àléébù rẹ̀ mọ́.

- Ìlànà tuntun: ẹ fi bébà àti bírò ṣe é fún ọ̀sẹ̀ kan.
- Ètò kọ̀ǹpútà: ẹ jẹ́ kí ẹnì kan jókòó sí yàrá kejì kó máa fèsì bíi pé ẹ̀rọ ni.
- Ìpàdé tàbí ipò iṣẹ́ tuntun: ẹ ṣe é bí eré, kí kálukú mú ipa kan.
- Òfin iléeṣẹ́: ẹ kọ lẹ́tà tí ẹ máa fi kéde rẹ̀, kí ẹ fún àwọn tó kàn kà.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ gbé e fún wọn, kí ẹ pa ẹnu mọ́

Jakob Nielsen, tó lórúkọ nínú ìdánwò ohun èlò kọ̀ǹpútà, ti ń sọ ọ́ láti ọdún 2000 pé ẹni 5 tó láti fi ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn àléébù hàn ní ìdánwò kan, pé ó sàn kí ẹ ṣe ìdánwò kéékèèké léraléra ju kí ẹ ṣe ẹyọ ńlá kan. Ìrírí mi bá a mu, níwọ̀n ìgbà tí ẹni 5 náà bá jẹ́ irú èèyàn kan náà. Tí òṣìṣẹ́ àti oníbàárà bá jọ máa lò ó, ẹ mú 5 lọ́dọ̀ọ́ tọ̀tún tòsì.

Ẹ má ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ má gbèjà rẹ̀. Ẹ kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀: ohun tó ṣiṣẹ́, ohun tí kò ṣiṣẹ́, ìbéèrè tí wọ́n béèrè, èrò tó sọ sí wọn lọ́kàn.

Àwòṣe tiwa nínú ọ̀rọ̀ owó ìdápadà yẹn, bébà kan ni, tí a fi pín-ìn-nì so mọ́ fọ́ọ̀mù, tó ní àpótí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó ń buwọ́ lù ú á máa fàmì sí. Ọjọ́ kejì la rí i pé wọ́n kàn ń fàmì sí gbogbo rẹ̀ láìwò ó. A yọ àwọn àpótí náà, a fi ìlà òfìfo kan sílẹ̀: "Kí lẹ yẹ̀ wò?" Àfi bí méjì nínú wọn ṣe mú bírò, tí wọn ò rí nǹkan kan kọ. Ọ̀kan ní, "Mo kàn máa ń wò ó bóyá ẹni tó ṣáájú mi ti buwọ́ lù ú ni." Àwọn méjèèjì ló fúnra wọn sọ pé kí wọ́n yọ àwọn kúrò lójú ọ̀nà fọ́ọ̀mù náà. Ẹnikẹ́ni ò ra ètò kọ̀ǹpútà.

Tí ìdánwò bá kùnà, ẹ wo ibi tí ẹ máa padà sí:

- Wọ́n lóye rẹ̀, àmọ́ ó ṣòro lò: Ìgbésẹ̀ 6.
- Wọ́n lè lò ó, àmọ́ kò yanjú nǹkan kan: Ìgbésẹ̀ 5.
- Wọ́n ní "kì í ṣe ìyẹn ló ń dà wá láàmú": Ìgbésẹ̀ 4, tàbí 2.

## Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ̀ka kan ṣoṣo ni kí ẹ ti kọ́kọ́ fi í lọ́lẹ̀

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ máa fi wọ̀n ọ́n sílẹ̀, àti bó ṣe rí lónìí. Ẹ yan ohun kan tó yẹ kó sàn, àti ohun kan tí kò gbọdọ̀ bàjẹ́ sí i. Tí fọ́ọ̀mù bá ń yára, ṣé àṣìṣe ò máa pọ̀? Ẹ fi orúkọ ẹni tó ni iṣẹ́ náà sí i, torí nǹkan tó bá jẹ́ ti gbogbo wa, ilẹ̀ ló ń bọ́ sí.

## Àṣìṣe tí mo ń rí jù

Kí wọ́n ṣe ohun gbogbo lọ́jọ́ kan. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan dáa láti fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kò lè yanjú ìṣòro tó ti wà láti ọdún mẹ́ta.

Kí wọ́n fi ìwé ìbéèrè rọ́pò ìjókòó tini. Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì lè sọ iye èèyàn tí nǹkan ń yọ lẹ́nu. Kò lè fi ìwé tó wà lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù hàn yín.

Kí wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ máa pa làpálàpá. Ẹ ti rí i lórí ògiri pé ìbẹ̀rù ọ̀gá ni, ẹ wá ń tún àwọ̀ fọ́ọ̀mù ṣe. Mo mọ̀ pé ó le láti sọ. Ẹ lo ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ bó ṣe wà, láìdárúkọ, kí ọ̀gá kà á fúnra rẹ̀.

## Tí àyè ò bá gba gbogbo rẹ̀

Ọ̀sẹ̀ kan péré ni ẹ ní: ọjọ́ 2 fún Ìgbésẹ̀ 2, ọjọ́ 1 fún 3 àti 4, ọjọ́ 1 fún 5 àti 6, ọjọ́ 1 fún 7. Ẹ mú ìṣòro tó kéré.

Ẹ ò sí níbì kan náà: ẹ lo pátákó orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Miro. Dípò kí ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ máa wo ojú kọ̀ǹpútà wọn nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì ya fọ́tò orí tábìlì wọn ránṣẹ́ láìtún un ṣe.

Ẹ ò ní àṣẹ kankan níbẹ̀: ẹ mú apá tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ka tiyín nìkan. Ẹ jókòó ti ẹni 3, ẹ ṣe àwòṣe bébà kan, ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ 2 láàárín ara yín, ẹ kọ bí nǹkan ṣe rí ṣáájú àti lẹ́yìn sí ojú ìwé kan. Ojú ìwé yẹn, àti bébà náà fúnra rẹ̀ bó ti wù kó rún tó, ni kí ẹ mú lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá.